Ìdí Tí Kóró Elégédé Ńlá Kò Fi Dọ́gba



Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Òwe yìí ni a máa ń pa nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà ènìyàn, nípa ọrọ̀ àti òṣì, tàbí nípa ọmọ ìyá méjì tí ọgbọ́n wọn kò rí bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ọ̀bẹ la elégédé kan ṣoṣo sí méjì, tí ó kó kóró inú rẹ̀ jáde, tí ó fọ̀ wọ́n, tí ó sì sá wọ́n sí oòrùn, yóò rí i pé òwe náà bá ohun tí ó wà lórí àtẹ mu gẹ́lẹ́. Òmíràn gùn, ó sì fẹ̀. Òmíràn rí péńpé. Òmíràn tóbi lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá kan ni ó bí gbogbo wọn, ilé kan ni wọ́n gbé, ọjọ́ kan náà ni a sì kórè wọn. Kí ni ó wá fà á tí wọn kò fi dọ́gba?

Ìbéèrè yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà létí ẹni tí kò ní oko. Létí àgbẹ̀, kì í ṣe àwàdà rárá. Kóró tí àgbẹ̀ bá fi pamọ́ ní ọdún yìí ni oko rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá yan èyí tí kò yẹ, nítorí pé ojú nìkan ni ó fi yàn án, ọdún kan gbáko ni yóò fi kábàámọ̀, nítorí pé oko kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lára elégédé tí ó tóbi jù lọ ní ayé, nítorí pé ohun tí ó bá tóbi ni ojú ń tètè rí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yóò padà wá sí ilé, sí ìdí elégédé àti ẹ̀gúsí ilẹ̀ Yorùbá.

Elégédé ńlá yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ní agbègbè ibi tí Argentina àti Bolivia wà lónìí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pè é ni Cucurbita maxima. Ìbátan rẹ̀ tí ó ṣì ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó níbẹ̀ kò tóbi púpọ̀ ju ọsàn lọ. Ó korò bí ewúro, kóró rẹ̀ sì kéré. Ènìyàn àtijọ́ kò lè fi irú èso kíkorò bẹ́ẹ̀ ṣe oúnjẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé kóró inú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá kiri, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n ti ń gbìn ín fún ìgbà pípẹ́ ni ara èso náà tó di ohun dídùn.

Títóbi kóró pàápàá ni ó jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1966, Kent Flannery àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ inú ihò àpáta kan tí ń jẹ́ Guilá Naquitz, ní ìpínlẹ̀ Oaxaca ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni kóró Cucurbita pepo, tí í ṣe ìbátan elégédé ńlá. Ní ọdún 1997, Bruce Smith, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn kan nínú kóró náà ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún. Kí ni ó fi mọ̀ pé ọwọ́ àgbẹ̀ ti kàn wọ́n? Ó wọ̀n wọ́n, ó sì rí i pé wọ́n tóbi ju kóró elégédé igbó lọ. Ẹni tí ó gbìn wọ́n kò kọ ìwé sílẹ̀, kò sì fi ère sílẹ̀, ṣùgbọ́n títóbi kóró rẹ̀ ti jẹ́rìí fún un pé ó gbìn, ó sì yàn.

Bí ènìyàn ti yan kóró ní ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe wá yan èso ní ayé òde òní. Ní ọdún 1904, níbi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, William Warnock, ará ilẹ̀ Kánádà, fi elégédé kan hàn tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 183 kìlógíráàmù. Ó di ọdún 1976 kí ẹnikẹ́ni tó borí rẹ̀. Ará Kánádà mìíràn, Howard Dill ti ìlú Windsor ní Nova Scotia, ni ó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà pátápátá. Dill kì í ṣe ọ̀mọ̀wé yunifásítì, àgbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń mú òdòdó elégédé ńlá kan pàdé ti òmíràn, tí ó ń yan èso tí ó dára jù lọ, tí ó sì ń gbin kóró rẹ̀, títí tí ó fi ní irú tirẹ̀, èyí tí ó sọ ní Atlantic Giant. Láti ọdún 1979 títí dé 1982, ọdún mẹ́rin léraléra, òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní ní àgbáyé. Èyí tí ó gbé wá ní ọdún 1981 wọn 224 kìlógíráàmù. Dill kú ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n ìran elégédé rẹ̀ kò kú. Ní ìlú Windsor náà, láti ọdún 1999, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú elégédé ńlá bí ẹni gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ń fi àjẹ̀ wà á lórí adágún láti fi díje.

Irú tí Dill dá sílẹ̀ yìí ni gbogbo àwọn tí ń bára wọn díje lẹ́yìn rẹ̀ gbé iṣẹ́ lé. Ní ọdún 2012, Ron Wallace ti Rhode Island gbé èyí tí ó wọn 911 kìlógíráàmù wá. Ní ọdún 2023, Travis Gienger ti Minnesota gbé èyí tí ó wọn 1,247 kìlógíráàmù wá. Ní ọdún 2025, àwọn ìbejì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ian àti Stuart Paton, tún kọjá èyí. Tiwọn wọn 1,278 kìlógíráàmù. Irú elégédé bẹ́ẹ̀ wúwo ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré lọ. Nígbà tí ó bá ń dàgbà lọ́wọ́, ó lè fi ju kìlógíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ìwọ̀n rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan péré.

Níbí ni ohun ìyanu wà. Láti ọdún 1904 dé 2025, ìwọ̀n èso elégédé ńlá ti di ìlọ́po méje. Ǹjẹ́ kóró rẹ̀ di ìlọ́po méje bí? Rárá o. Kóró elégédé tí ó wúwo ju ọkọ̀ lọ ṣì jẹ́ ohun tí ọmọdé lè fi ìka méjì mú. Gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Èyí ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: èso ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, kóró náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ohun tí a bá yàn ni ó máa ń yí padà. Àwọn tí ń díje kò gbé kóró sórí òṣùwọ̀n. Èso ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, èso nìkan ni wọ́n sì ń yàn. Ní ọdún 2015, Jessica Savage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀nà tí elégédé ńlá ń gbà di ńlá. Wọ́n rí i pé kì í ṣe pé ewé rẹ̀ mọ oúnjẹ sè ju ewé elégédé yòókù lọ. Ohun tí ó ju tiwọn lọ ni iṣan tí ń gbé oúnjẹ láti ara ewé wọ inú èso. Ọ̀nà ọjà ni ó fẹ̀ sí i, kì í ṣe oko. Oúnjẹ púpọ̀ wá ń wọ inú ara èso, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kóró gbọ́dọ̀ fẹ̀ dé ìwọ̀n kan náà.

Kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí kóró jẹ́. Nígbà tí òdòdó abo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ìtàkùn, èso kékeré kan ti wà ní ìdí rẹ̀, inú èso kékeré náà sì kún fún ẹyin wínníwínní. Òdòdó akọ wà lọ́tọ̀ lórí ìtàkùn kan náà. Ní òwúrọ̀, nígbà tí òdòdó bá là, oyin a máa ti ọ̀dọ̀ akọ lọ sí ọ̀dọ̀ abo, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà lára òdòdó akọ a sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn tí ń gbin elégédé ńlá kì í fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún oyin. Wọ́n a bo òdòdó abo ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n a já òdòdó akọ tí wọ́n fẹ́, wọ́n a fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pa abo lára, wọ́n a sì tún bò ó padà. Hóró lẹ́búlẹ́bú kọ̀ọ̀kan a yọ ọ̀já tín-ín-rín kan tí yóò wọlé lọ bá ẹyin kan. Ẹyin tí ó bá rí lẹ́búlẹ́bú gbà ni yóò di kóró. Èyí tí kò bá rí gbà yóò kú sínú èso.

Kóró tí ó bá ti gbó ní ohun pàtàkì méjì. Èkínní ni èèpo tí ó wà lóde. Èkejì ni ọlẹ̀ tí ó wà nínú, èyíinì ni ọmọ ewéko gan-an, pẹ̀lú ewé méjì tí ó ki, tí ó fún gbogbo inú èèpo. Inú ewé méjì yìí ni oúnjẹ tí ọmọ yóò jẹ nígbà tí ó bá ń hù wà. Òun náà ni a ń jẹ nígbà tí a bá bó ẹ̀gúsí. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan: ara ìyá ni èèpo ti wá. Bàbá kò ní ìpín nínú rẹ̀. Ìyá àti bàbá ni ó jọ ni ọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá nìkan ni ó kọ́ ilé tí ọlẹ̀ ń gbé.

Èyí ni ó fà á tí kóró inú elégédé kan fi máa ń jọ ti ìyá ju ti bàbá lọ. Bí a bá mú lẹ́búlẹ́bú ìtàkùn tí kóró rẹ̀ tóbi, tí a fi fún òdòdó ìtàkùn tí kóró rẹ̀ kéré, kóró inú èso náà yóò ṣì tẹ̀lé òṣùwọ̀n ìyá rẹ̀, nítorí pé ìyá ni ó rán àpò náà. Ìgbà tí a bá gbin kóró yìí, tí òun náà so èso tirẹ̀, tí ó sì di ìyá, ni ogún bàbá yóò tó hàn nínú kóró rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò sọ pé bàbá kò ṣe nǹkan kan. Bàbá ti ṣe. Ọmọ-ọmọ ni yóò fi hàn.

Ìdí kìn-ín-ní tí kóró kò fi dọ́gba nìyí: ìran. Ìtàkùn kan wá láti ìdílé tí ń rán àpò ńlá, òmíràn wá láti ìdílé tí ń rán àpò kékeré. Nítorí náà, elégédé méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lè ní kóró tí kò jọra rárá, nígbà tí elégédé kékeré kan sì lè ní kóró tí ó tóbi ju ti elégédé ńlá lọ.

Ìdí kejì ni àkókò. Èèpo ni ó kọ́kọ́ ń dàgbà. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí òdòdó bá ti gba lẹ́búlẹ́bú, èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbòòrò tó bí yóò ti gbòòrò mọ, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ inú rẹ̀ ṣì kéré púpọ̀. Ó ku ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ọlẹ̀ tó kún un. Bí ojú ọjọ́ bá burú ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí omi kò tó, tàbí bí otútù bá mú, àpò yóò kéré, kò sì sí ohun tí a lè ṣe lẹ́yìn náà tí yóò sọ ọ́ di ńlá. Bí ojú ọjọ́ bá dára nígbà náà, tí ó wá bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí àrùn bá jẹ ewé, tàbí tí a bá já èso kí ó tó gbó, àpò yóò tóbi, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ yóò ṣófo. Kò sí obìnrin tí ó ń bó ẹ̀gúsí tí kò mọ irú kóró yìí. Ó fẹ̀, ó dán, ó wu ojú. Bí ó bá là á, atẹ́gùn ni ó bá nínú rẹ̀. Ilé ńlá ni, kò sí onílé.

Ìdí kẹta ni iye àwọn tí ń jọ jẹun. Bí ìyá kan bá ní abọ́ ẹ̀bà kan, tí ọmọ mẹ́ta jókòó tì í, òkèlè wọn yóò tóbi. Bí ọmọ mẹ́wàá bá jókòó tì í, òkèlè yóò kéré. Ní ọdún 1974, Christopher Smith àti Stephen Fretwell, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ohun alààyè tí ń bímọ. Wọ́n ní oúnjẹ tí ìyá ní láti pín ní ìwọ̀n. Bí ó bá bí ọmọ púpọ̀, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dínkù. Bí ó bá bí díẹ̀, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń rí nínú elégédé. Òdòdó tí ó rí lẹ́búlẹ́bú púpọ̀ gbà yóò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kóró. Èyí tí ó rí díẹ̀ gbà yóò ní díẹ̀, àwọn díẹ̀ náà sì lè sanra. Àwọn tí ń gbin elégédé ńlá a máa gé gbogbo èso yòókù kúrò lórí ìtàkùn kí ó lè ku ẹyọ kan ṣoṣo. Síbẹ̀ nínú ẹyọ kan náà, àwọn ọmọ ṣì ń du oúnjẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ìdí kẹrin ni ibi tí kóró jókòó sí. Láti ìhà ibi tí òdòdó wà ni ọ̀já lẹ́búlẹ́bú ti ń wọlé, èyíinì ni òdìkejì ọrùn tí èso fi so mọ́ ìtàkùn. Ẹyin tí ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ni ó sábà ń kọ́kọ́ rí lẹ́búlẹ́bú gbà. Àwọn tí ó wà lókè lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ọrùn, lè gbà á pẹ́, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ rí i gbà rárá. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí abọ́ ni yóò kọ́kọ́ bu òkèlè. Nítorí náà, kóró méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ bàbá kan, lè yàtọ̀ síra nítorí ìjókòó lásán.

Ní ibi tí a dé yìí, ẹnìkan lè béèrè pé: bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé kóró tí ó tóbi ni kí àgbẹ̀ gbìn ni, àbí èyí tí ó kéré? Ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́, ọkùnrin kan sì ti fi ẹ̀wà dáhùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Wilhelm Johannsen, ará ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Ẹ̀wà tí ó lò jẹ́ irú èyí tí òdòdó rẹ̀ ń fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ fún ara rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi dá dúró láìsí àjèjì nínú rẹ̀. Johannsen kọ́kọ́ mú ẹ̀wà tí ó dàpọ̀ mọ́ra, ó gbin èyí tí ó tóbi lọ́tọ̀, ó gbin èyí tí ó kéré lọ́tọ̀. Lápapọ̀, àwọn ọmọ èyí tí ó tóbi tóbi ju àwọn ọmọ èyí tí ó kéré lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó dúró sí ni, à bá sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó ya ìdílé mọ́kàndínlógún sọ́tọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan kóró láàárín ìdílé kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdílé kan náà, ó gbin ẹ̀wà tí ó sanra jù lọ, ó sì gbin èyí tí ó rù jù lọ. Kí ni ó rí? Àwọn ọmọ méjèèjì kò yàtọ̀ síra lápapọ̀. Ọmọ ẹ̀wà rírù kò rù ju ọmọ ẹ̀wà sísanra lọ. Ó tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ ìran, bákan náà ni ó ń rí. Ní ọdún 1903 ni ó tẹ iṣẹ́ yìí jáde, ní ọdún 1909 sì ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń pe ohun tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Ó fi hàn pé ìyàtọ̀ méjì ni ó wà nínú títóbi kóró. Ọ̀kan jẹ́ ogún, ó ń bá ìdílé lọ. Èkejì jẹ́ ti oúnjẹ, ti ìjókòó àti ti ojú ọjọ́. Orí kóró tí a ń wò ni ó mọ, kì í kọjá sí ọmọ. Ojú kò sì lè fi ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Òtítọ́ ni pé elégédé kò rí bí ẹ̀wà Johannsen. Oyin ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti oko dé oko, nítorí náà, ọlẹ̀ kan nínú elégédé kan lè ní bàbá tí ó yàtọ̀ sí ti èkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tún mú ọ̀rọ̀ náà lágbára sí i ni. Èèpo tí a ń wò jẹ́ ti ìyá. Ọmọ tí a ń gbìn fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Bí a bá to kóró ogún láti inú elégédé kan sílẹ̀, tí a yan èyí tí ó tóbi jù, kì í ṣe ọmọ tí ó ní ogún tí ó dára jù ni a yàn. Ọmọ tí ó jẹun yó jù ni a yàn.

A kò wí pé kóró tí ó jẹun yó kò wúlò. Ó ní agbára ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè ti inú ilẹ̀ tí ó jìn díẹ̀ hù jáde, ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ a máa fẹ̀, ó sì lè tètè ju koríko lọ. Kóró tí inú rẹ̀ ṣófo kò lè ṣe èyí. Ó tọ́ kí a fẹ́ ẹ dànù. Ṣùgbọ́n agbára ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ogún. Nígbà tí elégédé bá ti fi gbòǹgbò múlẹ̀ dáadáa, ìran rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀ ni yóò sọ bí èso yóò ti tóbi tó.

Àwọn tí ń fi elégédé ńlá díje mọ èyí dájú. Wọn kì í fi òṣùwọ̀n wọn kóró kí wọ́n tó rà á. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìtàn rẹ̀. Wọ́n a fi ìwọ̀n elégédé tí ó bí i, orúkọ ẹni tí ó gbìn ín, àti ọdún tí ó gbìn ín sọ kóró náà lórúkọ. Wọ́n a sì kọ orúkọ ìtàkùn tí ó ṣe ìyá àti èyí tí ó ṣe bàbá sílẹ̀. Bí a bá gbọ́ ọ, a ó rò pé oríkì ìdílé ni a ń gbọ́: ọmọ lágbájá, ọmọ tí ó ti ilé báyìí wá. Kóró kékeré tí ìdílé rẹ̀ dára lè gba owó ńlá lọ́wọ́ wọn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní wo kóró ńlá tí a kò mọ ilé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí tàbí ní Ìkárẹ́? Irú oko bẹ́ẹ̀ kò nílò elégédé tí ó wúwo ju ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó nílò irúgbìn. Nígbà tí a bá kórè bàrà, a máa ń là á, a máa ń kó o jọ kí ara rẹ̀ lè rà, a ó sì fọ ẹ̀gúsí rẹ̀ lódò. Nígbà náà, kóró gbogbo ìtàkùn inú oko ti dàpọ̀ mọ́ra. Ìtàkùn tí ó so bàrà mẹ́wàá àti èyí tí ó so ẹyọ kan, èyí tí àrùn kò mú àti èyí tí kòkòrò jẹ tán, gbogbo wọn ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá wá yan irúgbìn láti inú apẹ̀rẹ̀ náà, ó ti pẹ́ kí ó tó yàn. Ìtàn ti sọnù. Ojú nìkan ni ó kù. Ẹ wá wo ohun tí ó tún burú ju èyí lọ: àwọn mìíràn a máa ta gbogbo èyí tí ó dára nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí nítorí gbèsè, wọ́n a sì fi èyí tí ọjà kọ̀ ṣe irúgbìn. Àìní ni ó ń fà á, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, a ń fi ọwọ́ ara wa yan ìdílé tí kò so dáadáa ni.

Ọ̀nà tí ó dára kò gba owó. Kí èso tó gbó, kí àgbẹ̀ rìn yíká oko rẹ̀. Kí ó wo ìtàkùn tí ó so dáadáa, tí ewé rẹ̀ kò gbó ṣáájú àkókò, tí ọ̀dá kò sì tètè mú. Kí ó fi ọ̀pá tàbí àkísà sàmì sí i. Kí ó kórè èso rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó fọ kóró rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì sá a lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ elégédé ni, kí ó jẹ́ kí ó gbó dáadáa lórí ìtàkùn. Lẹ́yìn tí ó bá já a, kí ó gbé e kalẹ̀ sí ibi tí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó là á, nítorí pé kóró ṣì máa ń fa oúnjẹ láti inú ara èso ní àkókò yìí, inú rẹ̀ yóò sì túbọ̀ kún. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá fẹ́ èyí tí ó ṣófo dànù. Kí ìran ṣáájú, kí ìwọ̀n tẹ̀lé e.

Ohun kan ṣì wà tí ẹlẹ́gùúsí gbọ́dọ̀ rántí. Ẹni tí ń gbin elégédé nítorí ara rẹ̀ tàbí nítorí ewé rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀ pẹ̀lú títóbi kóró. Ṣùgbọ́n kóró gan-an ni ẹlẹ́gùúsí ń kórè. Bí ó bá ń yan kóró ńlá nìkan láìwo iye rẹ̀, ó lè bá ara rẹ̀ pẹ̀lú bàrà tí kóró rẹ̀ tóbi ṣùgbọ́n tí kò pọ̀. Abọ́ ẹ̀bà kan náà ni ìyá ń pín. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀gúsí tí ìtàkùn kan mú wá, lẹ́yìn tí a ti bó o, ni kí ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Kóró kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Ìka kò dọ́gba, òtítọ́ ni. Ìdí tí kóró elégédé kò fi dọ́gba náà sì ti hàn: ìran ìyá ni ó pinnu bí àpò yóò ti tóbi tó, àkókò àti oúnjẹ ni ó pinnu bí inú rẹ̀ yóò ti kún tó, iye ọmọ àti ibi ìjókòó ni ó sì pinnu ìpín ẹni kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, ìran nìkan ni a lè gbìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan irúgbìn, kí ó tọ ìtàkùn lọ nígbà tí ìtàkùn ṣì wà láàyè ní oko, nítorí pé kóró kò lè sọ ìtàn ìyá rẹ̀ nígbà tí ó bá ti dé inú apẹ̀rẹ̀.